Bàálù Tó Ṣì Láyè

Ọkùnrin tó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má ṣe wọ bàálù iléeṣẹ́ LANSA kì í ṣe ojo. Hans-Wilhelm Koepcke ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì ni, ìmọ̀ nípa ẹranko ló kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ àwókù, tí kò sówó lọ́wọ́, tí ìwé ìrìnnà sì ṣòro láti rí gbà, ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó kó iyọ̀, ó gúnlẹ̀ sí Bràsíl, ó sì gba orí ilẹ̀ lọ títí tó fi dé Lima, olú ìlú Perú, létí òkun kejì. Ẹni tó rin irú ìrìn yẹn ti pàdé ejò, ó ti pàdé ebi, ó ti sùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wá sọ pé ohun kan ń kó òun láyà sókè, ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó gbọ́.

Maria, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ bá a níbẹ̀ ní 1950. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Lima, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ẹranko àti ewéko ti Yunifásítì San Marcos. Ẹyẹ ni Maria ń kọ́ nípa rẹ̀, Perú sì jẹ́ ilẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ kò lè wò tán láyé: etí òkun tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí, òkè Andes tí yìnyín bo orí rẹ̀, àti lẹ́yìn òkè yẹn, igbó ẹgàn Amazon tó lọ salalu. Tọkọtaya yìí rin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Lima, nínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Zárate, ni Maria ti rí ẹyẹ kan tí kò tíì sí nínú ìwé onímọ̀ kankan. Òun ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún aráyé ní 1954, orúkọ igbó náà ló sì fi sọ ẹyẹ ọ̀hún ní Zaratornis. Ọdún yẹn náà ló bí Juliane, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Ní 1968, wọ́n kó kúrò nílùú. Wọ́n lọ gbé nínú ahéré orí òpó, tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo òrùlé rẹ̀, létí odò Yuyapichis tó ń ṣàn lọ pàdé odò Pachitea, nínú ẹgàn gan-an. Panguana ni wọ́n sọ ibẹ̀, orúkọ ẹyẹ kan tó ń rìn nílẹ̀ igbó náà. Èrò wọn ni pé àwọn á fi nǹkan bí ọdún márùn-ún wo ohun tó ń gbé níbẹ̀ fínnífínní. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ọjà nítòsí, kò sí dókítà. Juliane jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 14. Ajá wọn, Lobo, bá wọn lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé irú òbí wo ló ń mú ọmọbìnrin lọ sínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn wọn ni pé àwọn òbí wọ̀nyí bọ̀wọ̀ fún igbó ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń bọ̀wọ̀ fún títì márosẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ kò tíì dé, nítorí ejò tó jọ ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ èso tí kò mọ̀, bó ti wù kó pọ́n tó. Wọ́n kọ́ ọ ní ohùn ẹyẹ: èyí tó ń gbé orí igi gíga, èyí tí kì í jìnnà sí odò. Wọ́n kọ́ ọ pé ẹja pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń sá pamọ́ sínú yanrìn níbi tí odò kò ti jìn, tí oró wà nírù rẹ̀, pé kó ṣọ́ra fún etí odò. Bàbá rẹ̀ sì fi ọ̀kan lé gbogbo rẹ̀: bó bá sọnù, kó wá omi. Omi kékeré á mú un dé omi ńlá, omi ńlá á mú un dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Nítorí náà, igbó kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rántí pé ó lè pa wọ́n.

Ti LANSA yàtọ̀. Iléeṣẹ́ yìí ti ní ìtàn kí ọdún 1971 tó dé. Ní 1966, bàálù wọn kan já, kò sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Ní 9 oṣù Ògún 1970, òmíràn gbéra ní ìlú Cusco, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan gbiná, ó sì já. Nínú ènìyàn 100 tó wọ̀ ọ́, ẹyọ kan ló yè, ó sì tún pa ènìyàn méjì tó wà nílẹ̀. Ìjọba ní kí iléeṣẹ́ náà dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà náà pé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ará Lima ló mọ̀ nípa rẹ̀. Hans-Wilhelm mọ̀, ó sì sọ fún Maria láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kó má ṣe bá wọn fò.

Ní ìparí 1971, Juliane ti padà sí Lima láti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ó gbọ́dọ̀ wá ṣe ìdánwò. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú. Bàbá nìkan ló wà ní Panguana, ó ń retí wọn fún ọdún Kérésìmesì. Maria fẹ́ kí wọ́n gbéra ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ọdún. Juliane bẹ̀ ẹ́: ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ ni ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, òun fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òun. Ìyá gbà fún un. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ wá bàálù fún ọjọ́ 24, gbogbo èyí tó dára ti kún. Ti LANSA ló ṣì láyè.

Mo ti ro ibi yìí nínú ìtàn náà lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí ibi tí ènìyàn ti lè nàka sí ọmọ tàbí ìyá. Ọmọ ọdún 17 tó jáde ilé ẹ̀kọ́ tó ní kóun bá ẹgbẹ́ òun ṣayẹyẹ, ta ni yóò sọ pé rárá? Ìyàwó tó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ má dá ṣọdún nínú igbó, kí ló burú níbẹ̀? Ọ̀nà orí ilẹ̀ láti Lima gba orí òkè Andes, ó ń jẹni lọ́jọ́. Bàálù kò gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́gbọ́n dání lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n kó jọ ni wọ́n gbé obìnrin kan tí kì í gbẹ́sẹ̀ lé ewé tí kò tíì wò, tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn bàálù rárá, dé orí àga bàálù tí ọkọ rẹ̀ ti dárúkọ fún un pé kó sá fún. Àwọn àgbà wa ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu òwe náà wà, nítorí ọ̀sà náà ń gbé ènìyàn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo jù lọ, orí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni mo gbé e kà. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé ṣe ni àwọn awakọ̀ bàálù náà mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ìjì tó hàn sí wọn, ó sì jọ pé eré ọdún ni wọ́n ń sá, kí wọ́n lè parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kí Kérésìmesì tó wọlé.

Bàálù náà ti pẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó gbéra lárọ̀ọ́ ọjọ́ yẹn. Pápákọ̀ òfuurufú kún fọ́fọ́, oníkálùkù ń wá àyè. Werner Herzog, tó ń ṣe fíìmù, ọmọ Jámánì bíi tiwọn, wà lára àwọn tó fẹ́ wọ bàálù yẹn, kò rí àyè. Nígbà tó yá ló tó bá Juliane padà sínú igbó náà láti ṣe fíìmù nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ráyè wọlé yọ̀. Ènìyàn 92 ni gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Juliane jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Apá àkọ́kọ́ ìrìn náà dára. Lẹ́yìn náà ni òfuurufú ṣú dùdù. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àpótí àti ẹ̀bùn ọdún ń já bọ́ látòkè sórí àwọn èrò, àwọn ènìyàn ń ké. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, ó ba apá ọ̀tún bàálù náà. Juliane gbọ́ tí ìyá rẹ̀ sọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ó ti parí nìyẹn. Bàálù dojú délẹ̀, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú òfuurufú. Ohun tí Juliane tún mọ̀ ni pé òun wà níta, bẹ́líìtì ṣì so òun mọ́ àga, afẹ́fẹ́ ń hó létí òun, orí igi ẹgàn sì ń yí bọ̀ wá bá òun láti ìsàlẹ̀. Ó jábọ́ láti nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sókè.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Kérésìmesì, ló tó lajú dáadáa. Egungun èjìká rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ọgbẹ́ jíjìn wà lápá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, awò tó fi ń ríran ti sọnù, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù, gáùn pénpé tí kò lápá ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ títí. Igbó nìkan ló ń dáhùn. Ó gbọ́ ìró bàálù àwọn tó ń wá wọn kiri, ṣùgbọ́n ewé orí igi ti dí ojú sánmà pa, kò sí bí wọ́n ṣe lè rí i. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ìró wọn mọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣe, nítorí kò sí oríire kankan nínú ìyẹn; ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò sáré kiri. Ó fi ẹsẹ̀ tó ní bàtà ṣíwájú nígbà gbogbo, nítorí pé láìsí awò, kò lè mọ ejò yàtọ̀ sí ewé. Ó rí àpò súùtì kan nínú ẹrù tó fọ́n ká, ó mú un. Èso igbó tó ń wò ó lójú, kò fọwọ́ kàn án. Ó gbọ́ omi tó ń sun, ó wá a rí, ó sì tẹ̀lé ibi tó ń ṣàn sí. Ìṣàn kékeré náà wọ èyí tó tóbi jù ú. Nígbà tí omi jìn, ó bọ́ sí àárín odò, ó jẹ́ kí ó máa gbé òun lọ, nítorí ó mọ̀ pé etí odò ni ẹja olóró ń sá pamọ́ sí. Ọ̀nì ń yọ́ wọ omi níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọn kì í sábà kọlu ènìyàn, ó sì ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbọ́ ìró apá igún ńlá kan, ìró tó ti mọ̀ láti Panguana, ó sì mọ̀ pé òkú wà nítòsí. Ó rí àga bàálù kan tó dorí kọlẹ̀, èrò mẹ́ta ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Juliane fi igi yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò: ó kun kútẹ́ẹ̀sì sí èékánná. Ìyá òun kì í kun kútẹ́ẹ̀sì. Ó yí padà sínú omi.

Ní ọjọ́ mìíràn, ó gbọ́ igbe ẹyẹ hoatzin. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹyẹ yẹn kì í kọ́ ìtẹ́ síbòmíràn àfi ẹ̀bá omi tó gbòòrò. Ó mọ̀ pé odò ńlá kù díẹ̀. Maria kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ṣì ń júwe ọ̀nà fún ọmọ. Ibí yìí ni ìtàn náà máa ń dùn mí jù.

Eṣinṣin ti yé sínú ọgbẹ́ apá rẹ̀, ìdin sì ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè dìde mọ́, ó rí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án kó tó gbà pé òótọ́ ni. Ọ̀nà tóóró kan gòkè láti ibẹ̀ dé àtíbàbà kan, garawa epo bẹtiróòlù sì wà nínú rẹ̀. Ó rántí pé nígbà tí ìdin wọ ọgbẹ́ Lobo, kẹrosíìnì ni bàbá òun dà sí i. Ó da bẹtiróòlù náà sójú ọgbẹ́, ó ta á dé ọkàn, ó sì yọ ìdin nǹkan bí 30 jáde. Ó lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Kò gbé e. Ó ní ẹni tó ni ín lè wà nínú igbó, kó sì jẹ́ pé òun ni yóò fi padà sílé. Ọmọ ọdún 17 tí ikú dúró tì ló ro èyí o.

Ní 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1972, àwọn agégẹdú tó ń lo àtíbàbà náà bá a níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n ná. Irun rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ mú kí wọ́n rò pé iwin omi ni, irú èyí tí àwa ń pè ní Mámíwọ́tà. Ó sọ ẹni tóun jẹ́ fún wọn ní èdè Spain. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Tournavista, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn àti bàbá rẹ̀. Nínú ènìyàn 92, òun nìkan ló jáde láàyè.

Ọjọ́ 12 oṣù náà ni wọ́n rí òkú Maria. Juliane sọ nígbà tó yá pé òun gbọ́ pé ìyá òun kò kú lójú ẹsẹ̀, pé ó fara pa débi tí kò lè kúrò lójú kan, ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó kú. Obìnrin tó mọ igbó náà ju ẹnikẹ́ni nínú bàálù yẹn lọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì lè lo ohun tó mọ̀. Hans-Wilhelm ló lọ dá òkú rẹ̀ mọ̀. Ó padà sí Jámánì ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà.

N kò lè ka ìtàn yìí kí n má rántí 10 oṣù Ọ̀pẹ 2005 nílé wa níbí. Bàálù kan gbéra ní Abuja lọ sí Port Harcourt, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà 61 sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gba ìsinmi, wọ́n ń lọ bá òbí wọn ṣọdún. Ojú ọjọ́ burú níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fẹ́ balẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, bàálù sì já. Ènìyàn 108 kú nínú 110. Láti ìgbà náà, bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti wọlé, tí mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òun ṣáà gbọ́dọ̀ dé ilé lónìí, ara mi kì í balẹ̀. Nínú gáréèjì náà bẹ́ẹ̀ ni: ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ tó dára ti kún, ó ti lọ, ó wá ku èyí tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, tí awakọ̀ rẹ̀ kò tíì sùn láti àná, agbèrò sì ń pariwo pé ẹnìkan péré ló kù. Ẹni tó bá sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́jú lè dé ilé ní ọjọ́ kejì ọdún. Ìrẹsì á tutù, wọ́n á gbé e kaná padà. Bí ẹni tó fẹ́ràn wa bá sì ti dárúkọ ohun kan pàtó fún wa pé ká sá fún, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró títí kan ọjọ́ tí kò rọrùn láti tẹ̀ lé e. Ọjọ́ yẹn gan-an ló torí rẹ̀ sọ ọ́.

Ìjọba Perú gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LANSA ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1972, iléeṣẹ́ náà kò sì fò mọ́. Juliane lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ní Jámánì bíi ti àwọn òbí rẹ̀. Àdán ló yàn, Panguana ló sì padà sí láti ṣe ìwádìí rẹ̀. Àdán tó rí níbẹ̀ lé ní oríṣi 50. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 2000, òun ló gba àbójútó ibẹ̀. Ó kọ ìwé nípa ayé rẹ̀, ó ń wá owó ra ilẹ̀ ẹgàn tó yí ahéré wọn àtijọ́ ká kí àwọn agégẹdú má baà dé ibẹ̀, ní 2011 sì ni ìjọba fọwọ́ sí i pé igbó náà di èyí tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Hẹ́kítà 187 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní 1,000 báyìí, àwọn onímọ̀ láti Perú àti láti Jámánì sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ka igi, láti ka ẹyẹ.